Alárìnká Fẹ́ Awakọ̀

Ìjà àwọn ẹlòmíràn ló jẹ́ kí Alárìnká àti awakọ̀ mọ ara wọn. Ọkùnrin kan àti ìyá àgbà kan ló ń du ìjókòó kan ṣoṣo nínú bọ́ọ̀sì ńlá tó ń lọ sí àárín ìlú láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Àwọn méjèèjì na fóònù sókè, tíkẹ́ẹ̀tì wà lójú fóònù àwọn méjèèjì, nọ́ńbà ìjókòó kan náà ló sì wà lára rẹ̀. Ọkùnrin náà ní òun ò ní dìde. Ìyá náà ní òun ò ní dúró. Àwọn èrò tó kù ń pariwo, àwọn kan ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín, bọ́ọ̀sì ò sì lè gbéra.

Awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Obìnrin ni, ó ga, ohùn rẹ̀ sì ju ti ẹ́ńjìnnì lọ. Ó dìde, ó kọjú sí èrò, ó fọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má bá ara yín jà. Ẹni tó yẹ ká jọ bá jà ò sí níbí. Àwọn oníkọ̀ǹpútà tó ń ta ìjókòó kan fún èèyàn méjì ni. Wọ́n á ti jókòó síbì kan báyìí, wọ́n á máa fẹ́ atẹ́gùn."

Ọkùnrin mìíràn wà nídìí fèrèsé níwájú. Bó ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó yíjú kúrò lójú fèrèsé. Òun ló kọ wẹ́bùsáìtì tí wọ́n ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì náà. Ì bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti dìde dúró kó tó mọ ohun tó ń ṣe.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ó ní, "èmi ni."

"Ẹ̀yin ni kí ni?"

"Èmi ni mo kọ ibi tí wọ́n ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì."

Gbogbo èrò yíjú sí i. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bú. Awakọ̀ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Màmá, ẹ wá jókòó síbi tí ọ̀gá oníkọ̀ǹpútà ti dìde. Ẹ̀yin, ọ̀gá, ẹ wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí kí n máa rí yín."

Ó dúró síbẹ̀, ó di irin mú, ó ń mì síwá mì sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tí obìnrin náà bá tẹ búrékì. Nígbà tí iná pupa dá wọn dúró, obìnrin náà bi í ní ìbéèrè láì wo ojú rẹ̀.

"Ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́, ṣé ẹ ti wọ bọ́ọ̀sì yìí rí kó tó di òní?"

"Rárá. Ọkọ̀ mi ló wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì."

"Ṣé ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì yẹn rí fúnra yín, bí ẹni tó ń kánjú, tí ọmọ ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀?"

Ó di irin náà mú sí i.

"Mo ti mọ̀," obìnrin náà ní. Iná yí padà, ó tẹ̀ síwájú.

Alárìnká ni wọ́n ń pe ọkùnrin yìí níbi iṣẹ́, nítorí kò lè jókòó pẹ́. Bí fóònù rẹ̀ bá dún, yóò rìn láti ìdí fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà, láti ẹnu ọ̀nà dé orí àtẹ̀gùn, kó tó sọ pé ó dàbọ̀. Kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń rìn. Ó ti ta bàtà rí, ó ti kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ìṣirò rí, ó ti ya fọ́tò rí, kó tó wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ wẹ́bùsáìtì. Ẹnu èyí ló pẹ́ sí jù. Àmọ́ ó ti ṣe díẹ̀ tí nǹkan kan ti ń yún un nínú. Yóò parí ojú-ewé tó rẹwà, àwọn èèyàn yóò yìn ín, kò sì ní mọ nǹkan kan lára.

Lọ́jọ́ Ajé yẹn, ó gbé fóònù méjì kalẹ̀ sórí tábìlì rẹ̀, ó ṣí ibi tíkẹ́ẹ̀tì nínú méjèèjì, ó mú ìjókòó kan náà, ó sì tẹ bọ́tìnnì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Méjèèjì wọlé. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ léèrè: bí nẹ́tíwọ̀kì bá ń fà ńkọ́? Bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì nítorí ara rẹ̀ ò balẹ̀ ńkọ́? Bó bá padà sẹ́yìn lẹ́yìn tó ti sanwó ńkọ́? Ibi tó bá ti tẹ̀, ó ń rí àbùkù mìíràn, inú rẹ̀ sì ń dùn bíi ti ọmọdé tó rí ihò nínú ọgbà.

Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá àwọn tó ń yẹ sọ́fítíwíà wò kó tó jáde wá dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá Ayẹ̀wò ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè é.

"Alárìnká, ṣé ara rẹ yá? Láti àárọ̀ ni mo ti ń wò ọ́, o ò dìde."

Ìgbà yẹn ló tó mọ̀ pé òun ò tíì dìde lóòótọ́.

"Ẹ wá wo èyí, mà. Ẹ wo bó ṣe ń tàn mí jẹ."

Ọ̀gá Ayẹ̀wò wò ó, ó mirí. "Ohun tí à ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ọ́ kàn máa ń rò pé ọ̀tá yín ni wá ni."

Mẹkáníìkì tún ọkọ̀ Alárìnká ṣe tán. Alárìnká gbé e wálé, ó fi í sílẹ̀ síbẹ̀, bọ́ọ̀sì ló tún wọ̀. Ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ló lọ dúró sí, bẹ́ẹ̀ àyè pọ̀ rẹpẹtẹ lẹ́yìn.

"Ọ̀gá oníkọ̀ǹpútà, ọkọ̀ yín ò tíì yá ni?"

"Ó ti yá."

"Kí wá lẹ ń wá níbí?"

"Mo wá sọ fún yín pé mo ti tún ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì yẹn ṣe."

"Ẹ lè sọ fún iléeṣẹ́ wa."

"Kì í ṣe iléeṣẹ́ yín ló bá mi wí."

Obìnrin náà yíjú sí dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kí Alárìnká má bàa rí ẹ̀rín rẹ̀, ṣùgbọ́n inú dígí náà gan-an ló ti rí i.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ gorí ọ̀sẹ̀, "ẹ" di "o" láàárín wọn, kò sì sẹ́ni tó rántí ọjọ́ tó yí padà nínú wọn. Lọ́sàn-án, tí awakọ̀ bá wà ní ìsinmi ní ibùdókọ̀, Alárìnká á wá bá a lórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀. Obìnrin náà á máa jẹun, òun á máa sọ̀rọ̀, á sì máa rìn yí bẹ́ǹṣì po.

"Jókòó jàre, òòyì ń kọ́ mi."

Ó jókòó. "Mo fẹ́ fi wẹ́bùsáìtì kíkọ sílẹ̀," ó ní. "Mo fẹ́ máa ṣàyẹ̀wò."

"Àyẹ̀wò kí ni?"

"Ohun tí àwọn yòókù bá kọ. Kí n máa lò ó bí ìyá àgbà, bí ẹni tí ìka rẹ̀ tóbi, bí ẹni tó ń kánjú, bí olè pàápàá. Kí n wá ibi tí yóò ti dáṣẹ́ sílẹ̀ rí kó tó dé ọwọ́ àwọn èèyàn. Ọ̀gá Ayẹ̀wò ní òun á gbà mí. Àmọ́ ìsàlẹ̀ pátápátá ni mà á ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún ló máa máa pàṣẹ fún mi."

"Ṣé ìyẹn ló ń bà ọ́ lẹ́rù?"

"Rárá. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ó lè tún sú mi."

Awakọ̀ dẹ́kun jíjẹ. Ọ̀rọ̀ náà bá a délé.

Nígbà tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé àwọn fẹ́ fẹ́ ara wọn, àbúrò ìyá awakọ̀ ni wọ́n fi ṣe alárinà. Àǹtí Onídìrí ni wọ́n ń pè é, ṣọ́ọ̀bù ìdìrí rẹ̀ ló wà níwájú ilé ìyá náà, kò sì sí ọ̀rọ̀ àdúgbò tí kì í gba ibẹ̀ kọjá. Ó pe Alárìnká sí ṣọ́ọ̀bù, ó na òòyà sí i bí olùkọ́ tó na ẹgba sí ọmọ iléèwé.

"Gbọ́ mi dáadáa. Tí wọ́n bá bi ọ́ léèrè iṣẹ́, oníkọ̀ǹpútà ni ọ́, ó parí. Má sọ pé ò ń kúrò níbì kan lọ síbì kan. Ẹ̀gbọ́n mi ò fẹ́ gbọ́ 'mò ń kúrò' létí rárá. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

Ìyá awakọ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbẹ̀bí kó tó fẹ̀yìn tì. Ó jókòó sínú àga onígi, ẹ̀yìn rẹ̀ ò kan àga, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní lórí itan. Ó bi Alárìnká léèrè àwọn òbí rẹ̀, ó bi í léèrè ìlera rẹ̀, ó wá dórí iṣẹ́.

"Wẹ́bùsáìtì ni mò ń kọ, mà."

"O ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀?"

"Ó ti tó ọdún mẹ́fà, mà."

Ojú ìyá náà rọ̀. Àǹtí ṣẹ́jú sí Alárìnká pé ó parí, ó yege. Ọ̀rọ̀ ì bá sì parí síbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ bí ìyá náà ṣe ń rẹ́rìn-ín sí i yẹn, ara Alárìnká ò gbà á. Ẹni tí ìyá yìí ń rẹ́rìn-ín sí kì í ṣe òun.

"Ṣùgbọ́n mi ò ní pẹ́ fi í sílẹ̀, mà. Iṣẹ́ àyẹ̀wò ni mo fẹ́ lọ ṣe. Mà á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀."

Ikọ́ gbá Àǹtí mú lójijì.

"Kí lo ti ń ṣe kó tó di wẹ́bùsáìtì?" ìyá náà bi í, jẹ́ẹ́jẹ́.

"Mò ń ya fọ́tò, mà."

"Kí ìyẹn tó dé?"

"Mò ń kọ́ni ní ìṣirò."

"Kí ìyẹn tó dé ńkọ́?"

"Mò ń ta bàtà, mà."

"Bàtà tó dáa ni o, ẹ̀gbọ́n mi," Àǹtí ní. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ìyá náà wo ọmọ rẹ̀ tó jókòó sórí àpótí nídìí ilẹ̀kùn, ó sì tún yíjú padà sí àlejò.

"Mi ò bá ọ jà. Ojú rẹ ò jọ ti èèyàn burúkú. Àmọ́ mo ti bá ọkùnrin tí kò lè fìdí múlẹ̀ gbé rí. Iṣẹ́ ló kọ́kọ́ sú u, lẹ́yìn náà ilé sú u, lẹ́yìn náà ló wá kàn mí. Mi ò lè fa ọmọ mi lé irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́." Ó dìde. "Ẹ ṣeun tí ẹ wá."

Ó ti pè é ní "ẹ" bí àlejò. Gbogbo wọn ló sì yé pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Níta, Àǹtí fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Mo ní kó o pa ẹnu mọ́! Ẹnu lásán! Kì í ṣe pé mo ní kó o gbé òkúta!" Ó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ, ó sì fi ìbínú gbá ilẹ̀ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Awakọ̀ sin Alárìnká dé ìta gbangba. Wọ́n rìn jìnnà díẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀.

"Ìbéèrè tí Màmá fẹ́ bi ọ́ gan-an, wọn ò bi ọ́. Èmi á bi ọ́. Tí mo bá sú ọ ńkọ́?"

Alárìnká la ẹnu rẹ̀ láti sọ pé láéláé. Ó rántí pé òun ti sọ láéláé fún ẹlòmíràn rí, tọkàntọkàn ni ó sì fi sọ ọ́ nígbà yẹn. Ó pa ẹnu dé.

"Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn ìyẹn."

"Lọ wá èsì rẹ̀ wá," obìnrin náà ní. Ó yí padà, ó ń lọ, kò sì wẹ̀yìn.

Àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ò dáa. Alárìnká ò wọ bọ́ọ̀sì mọ́, ọkọ̀ rẹ̀ ló ń gbé, á sì máa gba ọ̀nà tó jìn kó má bàa pàdé rẹ̀. Tó bá délé, á kúrò ní pálọ̀ lọ sí ilé ìdáná, á gbàgbé ohun tó wá ṣe níbẹ̀, á padà. Ó ti fi wẹ́bùsáìtì kíkọ sílẹ̀, kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àyẹ̀wò, ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ sì sọ fún un pé àga rẹ̀ ṣì ṣófo. Ó rò ó pé bí òun bá padà sórí àga yẹn, ìyá náà lè yí ọkàn padà. Lọ́jọ́ kan ó rìn dé ẹnu ọ̀nà ọ̀gá náà, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Ó dúró síbẹ̀. Tó bá tìtorí obìnrin yìí padà sídìí iṣẹ́ tó ti sú u, ó di ọjọ́ kan, òun á jókòó sí pálọ̀ wọn, òun á sì máa wò ó bíi pé obìnrin náà ló ti òun mọ́lé. Ó jáwọ́, ó lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun.

Iṣẹ́ náà ò rọrùn bó ṣe rò. Àbùkù àkọ́kọ́ tó kọ ránṣẹ́, ọmọbìnrin tó ń kọ́ ọ dá a padà fún un. "Bọ̀dá, ẹ ti kọ bí wọ́n ṣe máa tún un ṣe síbẹ̀. Wọn ò bi yín. Ẹ sọ ohun tí ẹ tẹ̀, ohun tí ẹ ń retí, ohun tí ẹ rí. Ó tán." Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń kọ wẹ́bùsáìtì tẹ́lẹ̀ á rí i lókèèrè, wọ́n á ní, "Ọ̀dàlẹ̀ ń bọ̀ o, ẹ bo iṣẹ́ yín mọ́lẹ̀!" Ẹ̀rín ni, ṣùgbọ́n ó ń ta á díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ohun tó ń bà á lẹ́rù dé. Ojú-ewé kan náà ló ti ń yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, wọ́n tún un ṣe, ó tún un yẹ̀ wò, wọ́n tún un ṣe. Lójijì, ó sú u. Ó mọ̀ ọ́n lára, ìyún inú àtijọ́ yẹn gan-an. Ó dìde, ó sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Ó ti dé." Ó rìn jáde, ó dé orí àtẹ̀gùn, ó ń sọ̀kalẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìsàlẹ̀ nígbà tó ronú pé, bí èèyàn bá yí fóònù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi tó ti ń kọ àdírẹ́sì ńkọ́? Ó dúró. Kò sẹ́ni tó ń pè é. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó ti jáde. Ó yí padà, ó gun àtẹ̀gùn, ó sì jókòó. Nínú gbogbo ohun tó ti sú u rí láyé, èyí ni àkọ́kọ́ tó padà sídìí rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Nígbà tí awakọ̀ wá bá a níbi iṣẹ́, ìgbà òjò ti ń parí lọ. Aṣọ iṣẹ́ kọ́ ló wọ̀, ó dúró níwájú ilé bí ẹni tó fẹ́ sá lọ.

"Mo ti rí èsì," Alárìnká ní, kó tó kí i pàápàá. "Wàá sú mi. Ọjọ́ mìíràn á wà tí wàá sú mi, èmi náà á sì sú ọ. Mà á dìde, mà á rìn dé ìta. Lẹ́yìn náà mà á padà wọlé, mà á jókòó. Mo ti ṣe é rí báyìí. Mi ò mọ̀ pé mo lè ṣe é tẹ́lẹ̀."

Omi lé ròrò sí ojú obìnrin náà, ṣùgbọ́n ó gbọ́wọ́ sókè. "Dúró. Má tíì sọ nǹkan kan dídùn fún mi. Wọ́n fún mi ní ọ̀nà jíjìn. Láti ìlú dé ìlú. Mi ò ní máa sùn nílé fún bí ìdajì ọ̀sẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ ẹ, ọ̀nà kan náà lójoojúmọ́ ti ń fún mi lọ́rùn. Mo ti gbà á. Mo gbà á kí n tó bi ọ́, mi ò sì tíì sọ fún Màmá."

Alárìnká rìn lọ, ó rìn bọ̀. Ó rìn lọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Èmi lẹ wá ń pè ní ẹni tí kò lè jókòó?"

"Mo mọ̀."

"Ìwọ lo ní kí n lọ wá èsì!"

"Mo mọ̀! Ìdí tí mi ò fi lè wá láti ìgbà yìí nìyẹn. Bínú, àmọ́ má kàn rìn lọ."

Ó bínú. Ó bínú débi pé wọn ò sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀ títí dé ilé ìyá awakọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n jọ lọ ni.

Ìyá náà gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ tán, ó lu àga. "Ẹ̀yin méjèèjì! Ọ̀kan ń pààrọ̀ iṣẹ́, èkejì ń sá nílé. Ta ló máa wà nílé?"

"Èmi, mà," Alárìnká ní.

"Ìwọ?"

"Èmi. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe báyìí, mo lè ṣe é láti ilé. Inú ń bí mi sí i lọ́wọ́lọ́wọ́, mi ò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ bó bá ti ìrìn àjò dé, á bá mi nílé."

Àǹtí Onídìrí, tó ti yọ́ wọlé látìgbà tó ti gbọ́ ariwo, dúró nídìí aṣọ fèrèsé. Ìyá náà wo ọwọ́ rẹ̀ títí.

"Bàbá ọmọ yìí," ó ní, "ìgbà tí gbogbo àdúgbò bá ti mọ̀ pé ó ti fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ lèmi tó máa ń gbọ́. Lọ́jọ́ tó kó ẹrù rẹ̀, alájọgbélé wa ló wá kí mi kú ọ̀fọ̀. Mo rò pé ẹnì kan ló kú, mi ò mọ̀ pé ọkọ mi ló ti lọ." Ó gbójú sókè. "Lọ́jọ́ tó o kọ́kọ́ wá, àbúrò mi ti sọ fún ọ pé kó o pa ẹnu mọ́. Ó ti jẹ́wọ́ fún mi."

"Wọ́n fún mi lọ́rùn ni!" Àǹtí ké.

"Dákẹ́. Alárìnká, o mọ̀ pé tó o bá dákẹ́, mà á fún ọ ní ọmọ mi. O sì sọ̀rọ̀. Látọjọ́ yẹn ni mo ti fẹ́ máa bínú sí ọ, ó ń ṣòro fún mi." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ lo pa ẹnu mọ́. Ìwọ gan-an ni mi ò mọ bí mà á ṣe fà lé ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́."

Awakọ̀ kúnlẹ̀ bẹ ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, láì dìde, ó yíjú sí Alárìnká, ó bẹ òun náà. Alárìnká fà á dìde, ìyá náà sì ní òun gbà.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ráńpẹ́, wọ́n sì gba ilé oníyàrá méjì tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà. Ní àárọ̀ ìrìn àjò àkọ́kọ́, awakọ̀ mú báàgì rẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkọ rẹ̀, ó lọ. Alárìnká dúró nídìí fèrèsé títí kò fi rí i mọ́. Ó lọ sí ilé ìdáná, ó padà. Ó lọ sí yàrá, ó tún padà. Ilé náà ti tóbi jù. Fóònù rẹ̀ dún.

"Ṣé ìyàwó rẹ ti lọ?" ìyá ìyàwó rẹ̀ ló ń bi í.

"Ó ti lọ, mà."

"Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ."

"Mò ń rìn díẹ̀ ni, mà."

"Àárọ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń gùn jù," ìyá náà ní. "Rìn ín tán. Tó o bá ti rìn ín tán, wá bá mi jẹun ọ̀sán. Gbé kọ̀ǹpútà rẹ dání, tábìlì wà níbí."